Gbèsè Òkú, Gbèsè Alààyè: Owó Ìrànwọ́ Ìjọba àti Àtúnṣe Etí Àwọn Adágún Ńlá Amẹ́ríkà

Bí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba fún àtúnṣe etí adágún àti bèbè odò bá délẹ̀, iye owó ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà á ní kò tó, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní ó ti pọ̀ jù. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé gbèsè ta ni owó náà fẹ́ san. Nílẹ̀ Yorùbá, bí baba bá kú tó jẹ gbèsè sílẹ̀, àwọn ọmọ á forí korí, wọ́n á dá owó, wọ́n á san án, ọ̀rọ̀ á sì tán, torí ẹni tó jẹ ẹ́ kò sí láyé mọ́ tí yóò tún lọ yá òmíràn. Ṣùgbọ́n bí onígbèsè bá ṣì wà láàyè, tó ń yá owó ní ẹ̀yìnkùlé bí ẹbí ṣe ń san án lójúde, kò sí iye tí wọ́n lè dá jọ tí yóò tó. Irú gbèsè méjèèjì yìí ló wà lọ́rùn odò àti adágún. Ìbàjẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe é ti sùn tipẹ́, òmíràn sì wà tó ń wọ inú omi lójoojúmọ́. Owó ìjọba ti ṣe bẹbẹ lórí ti àkọ́kọ́. Lórí èkejì, owó nìkan kò ràn án, ẹ̀rí èyí sì wà kedere nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Àwọn Adágún Ńlá Amẹ́ríkà láti bí àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn.

Márùn-ún ni àwọn adágún náà: Superior, Michigan, Huron, Erie àti Ontario. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n jọ ni mẹ́rin, Michigan nìkan ló wà nínú Amẹ́ríkà pátápátá. Bí a bá kó gbogbo omi tí kò níyọ̀ tó wà lójú ilẹ̀ ayé jọ, láìka èyí tó ti di yìnyín, nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú márùn-ún yìí. Ó ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù èèyàn lọ tó ń gbé ní agbègbè wọn. Àwọn Yorùbá tó fi Chicago ṣe ilé wà lára wọn: omi Adágún Michigan ló ń dà jáde nínú ẹ̀rọ omi wọn láràárọ̀, òun ni wọ́n fi ń ro àmàlà.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1969, Odò Cuyahoga gbaná ní ìlú Cleveland. Epo àti pàǹtí tó léfòó sójú omi ló ràn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí odò náà máa jó nìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ojú ti là. Ní 1970, wọ́n dá EPA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká. Ní 1972, ilé aṣòfin ṣe òfin omi mímọ́, Amẹ́ríkà àti Kánádà sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí àwọn adágún náà lọ́dún kan náà. Ohun méjì ni òfin 1972 so pọ̀, ìsopọ̀ yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Ó sọ fún àwọn ìlú àti ilé iṣẹ́ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi páìpù da ìdọ̀tí sínú omi mọ́ láìgba ìwé àṣẹ tó sọ iye tó lè dà. Ó sì tún ṣílẹ̀kùn owó ìrànwọ́: ó ju 60 bílíọ̀nù dọ́là lọ tí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ìlú káàkiri Amẹ́ríkà láàárín ọdún díẹ̀ lé ní ogún láti kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́. Ẹni tí òfin mú, owó ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí owó ràn lọ́wọ́, òfin kò fi í sílẹ̀. Adágún Erie, tí àwọn oníròyìn ti ń pè ní òkú adágún láàárín ọdún 1960 sí 1970, bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà, ẹja sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé owó ìjọba kò tún omi ṣe rí, kó lọ wo ibẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé owó lásán ló tún un ṣe, òun náà kò wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn pé wọ́n ti dí ẹnu páìpù, ohun tó kù ni ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtijọ́: ẹrẹ̀ olóró nísàlẹ̀ èbúté, àbàtà tí wọ́n ti dí pa, etí omi tí wọ́n fi irin àti kọnkéré dè mọ́lẹ̀. Ní 1987, orílẹ̀-èdè méjèèjì tún àdéhùn wọn ṣe, wọ́n sì fẹnu kò lórí àwọn ojú ibi tí ìbàjẹ́ ti wọra jù. Mẹ́tàlélógójì ni gbogbo rẹ̀ di lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, 31 nínú wọn sì kan Amẹ́ríkà. Wọ́n ka àrùn omi sí oríṣi 14: pé ẹja ibẹ̀ kò ṣeé jẹ bó ṣe wu èèyàn, pé ẹyẹ ń pa ọmọ abirùn, pé omi kò ṣeé wẹ̀, pé ibùgbé ẹja àti ẹyẹ ti run, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ìwé àrùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá wo àrùn kan sàn, wọ́n á fagi lé e. Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, wọ́n á yọ orúkọ ibẹ̀ kúrò. Mo gbà pé ètò yìí ṣe pàtàkì ju owó tó tẹ̀ lé e lọ, nítorí iṣẹ́ tí kò ní òpin tó ṣeé tọ́ka sí kì í parí, owó rẹ̀ kì í sì tó láéláé.

Síbẹ̀, ètò láìsí owó náà di ìwé inú àpótí. Láti 1987 títí di òpin 2009, ibì kan ṣoṣo ni Amẹ́ríkà rí yọ kúrò nínú 31 náà, Odò Oswego ní ìpínlẹ̀ New York, ní 2006. Àyípadà dé ní 2010, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún àwọn adágún náà: 475 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà nǹkan bí 300 mílíọ̀nù lọ́dọọdún. Òfin iṣẹ́ òde tí wọ́n ṣe ní 2021 tún fi bílíọ̀nù dọ́là kan kún un, kí wọ́n ná an láàárín ọdún márùn-ún. Presque Isle Bay kúrò lórí ìwé ní 2013. Deer Lake àti White Lake tẹ̀ lé e ní 2014. Ìsàlẹ̀ Odò Menominee ní 2020. Odò Ashtabula ní 2021. Nínú àrùn 255 tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn ibi tó kan Amẹ́ríkà, nǹkan bí mẹ́wàá ni wọ́n ti fagi lé kí owó náà tó dé. Lẹ́yìn tó dé, iye náà kọjá 100. Ènìyàn kan náà ni, ìmọ̀ kan náà, òfin kan náà. Owó tó ń wá lọ́dọọdún láìyẹ̀ ni ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ibì kan ká lè rí i dáadáa. Adágún Muskegon wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Michigan, ó sì já sínú Adágún Michigan. Ní nǹkan bí 1880 sókè, ilé ìlagi 47 ló yí i ká. Igi tí wọ́n là níbẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n fi tún Chicago kọ́ lẹ́yìn tí iná ńlá 1871 ti jó ìlú náà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára igi, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú pákó àti ẹ̀gbẹ́ ìtì igi tí kò wúlò, etí omi ni wọ́n ń dà á sí. Nígbà tí igbó tán, àwọn ilé ìlagi kógbá sílé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin dé, àwọn náà sì ń da yanrìn dúdú àti àfọ́kù kọnkéré lé ti ìṣáájú. Nǹkan bí 800 éékà omi àti àbàtà ni wọ́n dí pa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹja tí kò tíì gùn tó ìka kò rí koríko sá sí mọ́. Òkúta àti irin ló kàn án níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń wá ibi tí yóò yé sí.

Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ fún wọn ní mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là láti tún etí adágún náà ṣe. Àwọn ará ìlú, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lágbègbè náà àti àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ẹkùn náà ló jọ di iṣẹ́ ọ̀hún mú. Katapílà ń ti etí omi na apá rẹ̀ sínú adágún, ó ń fa ẹ̀gbẹ́ igi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tó ti wà lábẹ́ omi ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kò jẹrà, nítorí atẹ́gùn kò dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Ṣe ló kàn dùbúlẹ̀ bí ẹní, tí ohunkóhun kò lè ta gbòǹgbò lórí rẹ̀. Wọ́n kó àfọ́kù kọnkéré kúrò, wọ́n jẹ́ kí etí omi rọra dagẹ̀rẹ̀ wọnú adágún, wọ́n sì gbin koríko inú omi síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n kọjú sí Bear Creek, odò kékeré kan ní apá àríwá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti mọ ògiri yípo àbàtà láyé àtijọ́, tí wọ́n sọ ọ́ di àkùrọ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́lẹ́rì sí. Nígbà tí oko náà di ìpatì, omi bò ó, ó di ọ̀gọ̀dọ̀. Ẹnikẹ́ni á rò pé kí wọ́n sáà ti fọ́ ògiri náà kí odò bá àbàtà rẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ọdún gbọọrọ ti kún inú ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá fọ́ ògiri láìkó o, gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ á tú dànù sínú adágún. Nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ kó ilẹ̀ ọlọ́ràá náà kúrò, kí wọ́n tó wá já ògiri. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni owó ń sanwó fún, kì í ṣe gígé rìbọ́ọ̀nù.

Ohun kan wà nínú ìtàn Muskegon tí kì í sí nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ náà, mo sì rò pé òun ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní 1973, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti darí omi ìdọ̀tí ìlú àti ti ilé iṣẹ́ kúrò nínú adágún, wọ́n ń fà á lọ sí ilẹ̀ oko gbalasa kan, níbi tí ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ti ń sẹ́ ẹ. Ọdún 36 lẹ́yìn tí wọ́n ti dí ẹnu ìbàjẹ́ tuntun ni mílíọ̀nù mẹ́wàá náà tó dé. Àwọn onílé ìlagi ti kú. Gbèsè òkú ni owó náà wá san, ìdí nìyẹn tó fi ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí ẹni tó bà á jẹ́ kò fi sanwó, tó fi jẹ́ pé owó orí akúṣẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń tún etí omi ṣe. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Níbi tí a bá ti rí ẹni náà mú, kó san án. Ṣùgbọ́n ta ni kí a pè lẹ́jọ́ ní Muskegon? Ilé iṣẹ́ tó wọlé gbèsè lọ́dún 1910 kò ní ilẹ̀kùn tí a lè kàn. Fún àwọn tó ṣì wà, òfin 2002 kan wà tó sọ pé bí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ olóró kúrò nísàlẹ̀ omi, ó kéré tán, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ náà ló ń gbé e kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti ilé ẹjọ́. Ara mi kò balẹ̀ tán síbẹ̀, torí ẹni tó yẹ kó san gbogbo rẹ̀ lè rọra san ìdá kan kó sì máa lọ. Mo sì mọ̀ pé ẹjọ́ ogún ọdún kì í kó ẹrẹ̀ kankan kúrò nílẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ ẹja olóró lónìí kò ní ogún ọdún láti fi dúró.

Àtakò tó le jù ni ti Flint. Ní oṣù Kẹrin 2014, nígbà tí owó àwọn adágún ń wọlé déédéé, ìlú Flint ní Michigan yí omi rẹ̀ kúrò lórí ti Adágún Huron sí ti Odò Flint kí wọ́n lè ṣọ́wó ná, omi náà jẹ páìpù, òjé sì wọnú omi tí àwọn ọmọdé ń mu. Wọ́n á ní, ṣé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá? Ṣé koríko ẹja ló kàn nígbà tí omi inú ife kò ṣeé mu? Mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó etí adágún ló gba owó páìpù Flint lọ. Ìpinnu àwọn tó ń ṣàkóso ìlú náà, tí wọ́n ka fífi owó pamọ́ sí ju ẹ̀mí lọ, ló fà á. Òfin 2021 tó fún àwọn adágún ní bílíọ̀nù kan náà ló tún gbé bílíọ̀nù 15 sílẹ̀ fún páìpù òjé káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìjọba tó bá fẹ́ lè ṣe méjèèjì.

Ibi tí owó ìrànwọ́ ti kan ògiri ni Odò Maumee, tó ń ṣàn gba ìpínlẹ̀ Ohio lọ sí Adágún Erie. Irà ńlá kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Great Black Swamp. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀ oko tó lọ́ràá gidigidi. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: wọ́n ri páìpù amọ̀ mọ́ abẹ́ oko, lónìí ó ti di ike, kí omi òjò lè rọ́nà jáde lọ́gán. Ohun tó wà lókè, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni. Ohun tó wà nísàlẹ̀, páìpù lọ́tùn-ún lósì. Bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bá rọ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran á yọ́ mọ́ omi, á gba inú páìpù bọ́ sí kòtò, kòtò á gbé e lé Maumee lọ́wọ́, Maumee á gbé e fún adágún. Nígbà ooru, èérí aláwọ̀ ewé á bo ojú omi bí ọbẹ̀ ewédú, oró á sì wà nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, wọ́n kìlọ̀ fún ará Toledo àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ju 400,000 lọ, pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é pàápàá, torí bí omi bá ṣe ń hó ni oró náà á túbọ̀ máa ki sí i. Bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ létí ọ̀kan lára àwọn adágún tó tóbi jù láyé.

Owó kò wọ́n níbẹ̀ o. Owó àkànṣe àwọn adágún dé ibẹ̀. Láti 2019, ìpínlẹ̀ Ohio ní ètò tirẹ̀ tí ń jẹ́ H2Ohio, tó ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá gbà láti dín ajílẹ̀ kù, tó sì ń dá àbàtà padà. Àbàtà náà ń ṣiṣẹ́, ó ń sẹ́ omi lóòótọ́. Ní 2015, ìpínlẹ̀ Ohio àti Michigan pẹ̀lú ẹkùn Ontario ní Kánádà fọwọ́ sí i pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń wọ apá ìwọ̀-oòrùn Erie yóò dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún títí 2025. Ọdún 2025 dé, wọn kò débẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: òfin 1972 tó mú páìpù ilé iṣẹ́ kò mú páìpù abẹ́ oko, àtúnṣe 1987 sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé omi òjò tó ń ti oko wá kò sí lára ohun tó ń béèrè ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá wù ló ń gba owó ìrànwọ́, ẹni tí kò bá wù á máa da tirẹ̀ lọ.

Wọ́n á ní àgbẹ̀ kò ní agbára ilé iṣẹ́, pé bí òfin bá le mọ́ ọn, oko kékeré á kú. Mo gbà pé ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn ìlú kéékèèké sọ ní 1972 nípa ilé ìfọ-omi-ìdọ̀tí, ìdí sì nìyẹn tí ìjọba fi gbé bílíọ̀nù 60 sílẹ̀ pẹ̀lú òfin náà. Ohun tí mo ń fẹ́ fún Maumee kò ju èyí lọ: kí owó tí àgbẹ̀ ń gbà pọ̀ sí i, kó sì ní ọjọ́ tí gbígbà á kò ní jẹ́ ohun tó bá wù ú mọ́. Ẹni tí ẹran rẹ̀ pọ̀ jù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ju ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ lè gbà lọ, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kàn lára.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ náà kù. Ní 2013, àwọn olùyẹ̀wò owó tí ilé aṣòfin gbẹ́kẹ̀ lé sọ pé àwọn òṣùwọ̀n tí ètò owó àkànṣe àwọn adágún ń lò kò fi gbogbo ìgbà fi hàn bóyá omi ń sàn ní tòótọ́, àti pé àwọn ohun kan bí ojú ọjọ́ tó ń yí padà wà tó ju agbára rẹ̀ lọ. Wọn kò parọ́. Ní oṣù Kìíní 2013 náà ni omi Michigan àti Huron fà dé ibi tí kò fà dé rí nínú àkọsílẹ̀. Ní 2020, ó kún débi pé fún oṣù mélòó kan, ó ju bó ṣe kún rí ní irú oṣù bẹ́ẹ̀ lọ. Koríko tí a gbìn ní ìwọ̀n ti 2013 á ti rì ní 2020. Owó tó wá fún ọdún mẹ́ta, tó sì padà lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò, kò ní sí níbẹ̀ láti tún un gbìn. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dábàá ní 2017 pé kí owó ọdún tó tẹ̀ lé e di òfo. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ méjèèjì láti agbègbè adágún ló jọ kọ̀ jálẹ̀, tí 300 mílíọ̀nù náà fi dúró.

Ẹja kan wà ní agbègbè àwọn adágún náà tí wọ́n ń pè ní sturgeon, tó ní irùngbọ̀n bí àrọ̀, tí ara rẹ̀ sì le bí ìkarahun. Orí òkúta mímọ́ ló ń yé sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbẹ́ Odò Detroit jìn fún ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kó òkúta náà lọ. Ní 2008, ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì àti àwọn mìíràn dáwó, wọ́n da òkúta tuntun sísàlẹ̀ odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fighting Island ní ìhà Kánádà. Nígbà tó di 2009, àwọn sturgeon ti wá yé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n abo ẹja yìí lè pé ogún ọdún ó lé kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ó sì lè gbé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa ní 2009, nǹkan bí 2030 ni ọ̀pọ̀ abo inú wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa padà bọ̀ wá sórí òkúta náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà náà, pẹ̀lú àwọ̀n àti ìwé lọ́wọ́, tí yóò kà wọ́n, owó oṣù ẹni náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìṣúná ọdún yẹn.